Kàlẹ́ńdà Tí Mo Fi Ń Dán Ojú Mi Wò

Lẹ́yìn tí wọ́n la orí mi láti yọ kókó tó wà nínú ọpọlọ, ojú ọ̀tún mi kò ríran mọ́. Dókítà ní kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n máa ṣọ́ ojú òsì; bó bá yí padà bó ti wù kó kéré mọ, kí n má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí n tó padà wá sí ọsibítù wọn ní Ọ̀wọ̀.

Mo ṣọ́ ọ débi pé n kò sinmi. Kàlẹ́ńdà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Èmùrè-Ilé, wọ́n to orúkọ ìgbìmọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wínníwínní. Bí mo bá jí, màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, màá kà á láti orí alága dé orí akápò. Bí mo bá ti oko dé, màá tún kà á. Mo lè jókòó sídìí oúnjẹ kí n tún dìde lọ kà á. Àyà mi á balẹ̀ díẹ̀, kò ní pẹ́ tí á tún máa já.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife. Ìyàwó mi wò mí, ó nu omi náà. Lọ́jọ́ kejì, mo ń ka orúkọ lọ geere bí i ti àtẹ̀yìnwá.

"Bàbá Ìbejì, ta lẹ pè ní akápò yẹn?"

"Akápò ìkórè ni. Ṣé o kò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. N kò kàn mọ̀ pé ó ti wọ ẹgbẹ́ àwa onígaàrí ni. Kàlẹ́ńdà tiwa ni mo gbé kọ́ síbẹ̀ lánàá."

Mo sún mọ́ ọn. Ìgbà tí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ni mo tó rí i pé àwòrán abọ́ gaàrí ló wà níbi tí mo rò pé mo ti ń rí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti há àwọn orúkọ náà sórí, n kò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ ti fura pé ojú yín ń yí padà," ó ní.

"N kò fura." Irọ́ ni mo pa. "Bí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á tún la orí mi ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹ wọ bàtà yín."

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì nawọ́ sí pátákó tí wọ́n kọ lẹ́tà sí. Mo ti mọ èyí tó wà lókè pátápátá láti ìgbà tí mo ti ń wá. Ó ti dé ẹnu mi.

"Bàbá, kí lẹ rí?"

Ìyàwó mi wúkọ́.

"N kò rí i dáadáa," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí tí n kò tíì kà rí wá."

Nọ́ọ̀sì fi bírò sílẹ̀, ó sáré lọ pe dókítà. Mo di ọwọ́ àga mú.