Pápá Tí Wọ́n Fi Ẹ̀jẹ́ Ṣe

Òórùn koríko tí ọkọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òjò ni mo fi ń rántí ilé ẹ̀kọ́ náà. Koríko tútù, ẹrẹ̀ pupa, àti epo dísẹ́ẹ̀lì tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ bọ́ọ̀sì àwọn ará ìjọ. Bí atẹ́gùn bá sì fẹ́ wá láti apá Sango, òórùn bisikíìtì gbígbóná láti ilé iṣẹ́ kan á dà pọ̀ mọ́ ọn, á wá dùn títí yóò fi máa rí ni lára. Pápá eré ìje wa nìyẹn ní ọjọ́ àpéjọ. Ní ọjọ́ kejì, àwa olùkọ́ eré ìdárayá á fi ọkọ́ àti réèkì tún ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń sá ṣe, a óò tún fi ẹfun fa ìlà rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, o bi mí pé kí ló dé tí n kò yọjú síbi ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí gíwá wa àtijọ́, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ wọkọ̀ láti Ìbàdàn wá. Wọ́n pè mí. Wọ́n tilẹ̀ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ìyìn rẹ̀, nípa bí ó ṣe jẹ́ bàbá fún àwọn ọmọ aláìní. Mo jókòó tì í títí, ohun kan ṣoṣo ni mo rántí.

O mọ̀ pé mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó pè mí sí Ọ̀tà láti wá kọ́ni ní eré ìdárayá ní yunifásítì ìjọ. Nígbà náà, ibi tí ènìyàn bá yíjú sí, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kọ́. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá sì dàgbà díẹ̀, á bí yunifásítì. Gíwá fẹ́ kí orúkọ tiwa yọ ju ti aládùúgbò lọ. Ó ní eré ìje ni yóò gbé wa jáde: kí a kó àwọn ọmọ tó mọ eré sá wá, kí a fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kí a gba kóòṣì, kí a ra bọ́ọ̀sì. Mo sọ ọ́ nínú ìpàdé pé ètò yìí kò ní lè bọ́ ara rẹ̀. Ta ni yóò sanwó wo eré wa? Àwọn ará ìlú tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí ẹ̀mí wọn, ìkóríta Oju Ore ni wọ́n máa ń wà lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ń sanwó láti wo àwọn òyìnbó lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá gbígbóná. Ẹnu ọ̀nà tiwa ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ewúrẹ́ nìkan ló ń wọlé. Mo ní kí a ra bọ́ọ̀lù àti okùn tí wọ́n fi ń fò fún gbogbo ọmọ, kí a tọ́jú pápá kan dáadáa, kí a dúró síbẹ̀ ná.

Akápò rẹ́rìn-ín. Gíwá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀ ń fi ọgbọ́n orí ṣe iṣẹ́ ìgbàgbọ́." Gbogbo ilé ṣe àmín, bí ẹni pé àdúrà ló gbà.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ọdún yẹn ni wọ́n gba ẹ̀jẹ́. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: alága á dárúkọ ohun tí iṣẹ́ Olúwa nílò, ẹni tí ó bá wù á dìde, ìjọ á pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ ní Sango dìde fún bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan tó wọ léèsì funfun ní òun yóò máa bọ́ àwọn sárésáré títí wọn yóò fi gboyè. Orí pápá wa náà ni wọ́n gbé ọkọ̀ wọn sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀jẹ́ ti di owó lójú akápò, orí rẹ̀ ni wọ́n sì dúró lé gba àwọn ọmọ wọlé.

Èmi fúnra mi ni mo lọ mú ọmọbìnrin kan wá nínú wọn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Iná ti jó gbogbo irun apá rẹ̀ tán. Ó fún mi ní àga kan ṣoṣo tó ní, òun jókòó lé kẹ́ẹ̀gì. Ó gbọ́ àlàyé mi títí dé òpin, ó wá béèrè ohun kan. "Màmá, eré ló ń sá tí ẹ fi fẹ́ mú un. Bí eré bá tán ńkọ́?" Mo padà lọ bi gíwá. Ó ní kí n sọ fún un pé ilé ẹ̀kọ́ tí Ọlọ́run dá sílẹ̀ kì í lé ọmọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́.

Eré irinwó mítà ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá yí igun tó kẹ́yìn, tí àwọn yòókù ti ń la ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ, ẹnu tirẹ̀ á pa dé, á máa wo iwájú bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan lórí. Ní ọdún kẹta rẹ̀ ó gba góòlù níbi ìdíje àwọn yunifásítì. Gíwá gbé e gun pèpéle, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú sókè, wọ́n ya fọ́tò.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni pé ẹni tó bá borí kò lè jókòó sílé mọ́. Góòlù yẹn ló ní kó lọ sí ìdíje ní òkè òkun, ká wá ọkọ̀ òfuurufú, ká wá ìwé ìrìnnà, ká wá ti kóòṣì tí yóò bá a lọ. Nígbà tí a ń pàdánù, nǹkan rọrùn. Bí a ṣe ń borí ni ìnáwó ń ga. Wọ́n wá yíjú sí àwọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì ní ọjà kò tà. Obìnrin oníléèsì funfun ti lọ sí ìjọ mìíràn.

Ìgbìmọ̀ kò pariwo. Wọ́n kàn ní a ó dá eré ìje dúró, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó so mọ́ ọn yóò sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá lè san owó ilé ìwé, kó máa bọ̀. Ǹ bá san ti ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí owó ìfẹ̀yìntì tiwa ṣe rí nígbà yẹn. Mo nawọ́ sókè nínú ìpàdé náà, mo rán gíwá létí ohun tó ní kí n sọ fún bàbá ọmọ náà. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó tilẹ̀ ń mi orí. Ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ sọ pé kò ní lè bọ́ ara rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí mo fi fẹ́ dá wọn dúró ni wọ́n fi ti ọmọ náà sóde. Wọ́n ní ká dìde ka oore-ọ̀fẹ́ láti fi parí ìpàdé, mo sì dìde.

Bàbá rẹ̀ wá kó ẹrù. Mo fẹ́ kó bú mi. A pàdé gíwá lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin náà gbé àpótí sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un, ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì. Ẹ gbìyànjú." Gíwá fọwọ́ kàn án léjìká, ó súre fún un. Ọmọ náà kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Èmi ló ń wò.

Wọ́n ti da kọnkéré sórí pápá náà, ọkọ̀ nìkan ló ń débẹ̀. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì ni ọmọ náà wà, ó ń di páálí. Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn ní Sango, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì rọra bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé òun sáré rí.

Ohun tí kò lè bọ́ ara rẹ̀, ènìyàn ni í jẹ. Ẹni tí yóò jẹ kì í sì í sí nínú ìpàdé. Mo rí ìwé ìyìn tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Fọ́tò ọjọ́ góòlù yẹn ló wà níwájú rẹ̀: gíwá ń rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ ọmọ kan mú sókè. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Bàbá Àwọn Aláìní". Ọmọ náà pa ẹnu dé, ó ń wo iwájú.