Ẹ̀ẹ̀mejì Lára Báàgì

Òtútù Èkó kì í ṣe òtútù tí ènìyàn lè fi yangàn. Ẹni tó bá ti gbé òkè òkun rí á fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, nínú oṣù keje, òjò ti rọ̀ mọ́jú, afẹ́fẹ́ sì ń jà bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Ní Apakun, níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́, àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì fi ọ̀rá bo ọjà wọn, wọ́n sì káwọ́ lérí. Súwẹ́tà tí mo wọ̀ ti já lọ́rùn. Inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí.

Kádì ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ kádì ni kó gbé báàgì igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lé ẹni tó ń gbá a, kó máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, kó sì máa gba ọ̀gá rẹ̀ nímọ̀ràn. Ẹgbẹ́ kékeré kan ní Àjàó Estate ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Wọn kò ní pápá tiwọn. Lóṣooṣù ni wọ́n ń háyà bọ́ọ̀sì, tí wọ́n á kó ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin lọ sí pápá ẹgbẹ́ mìíràn láti bá wọn figagbága, àwa kádì mẹ́rin á sì tẹ̀lé wọn. Ọ̀gá tèmi ni ó dàgbà jù nínú wọn. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é, torí pé ilé ìwé kan ní Ìsọlọ̀ ló ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ará Èkìtì ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í pẹ́ dé ibikíbi.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní bí ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ fún mi pé bí kì í bá ṣe ti gọ́ọ̀fù, bàbá òun ì bá má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ó ní tí ìjáde ẹgbẹ́ bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n, tí yóò sì máa béèrè oúnjẹ. Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀. Ìjáde yẹn nìkan ló kù tó ń mú un jáde láàárín àwọn ènìyàn.

Ohun tí èmi nìkan mọ̀ ni pé Tíṣà kò ríran mọ́. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn, ó sì ń rí bọ́ọ̀lù bí nǹkan funfun kan tó bá wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ eré náà láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló fi ń gbá a. Ní ọjọ́ kan, níwájú ilé rẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. A wá ṣe àdéhùn. Tí ibi tí ó yẹ kó kọjú sí bá wà lọ́tùn-ún, màá fi ìka lu báàgì lẹ́ẹ̀kan. Tó bá wà lósì, ẹ̀ẹ̀mejì. Etí rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Oṣù mẹ́jọ ni a fi ń ṣe é, kò sẹ́ni tó fura.

Nǹkan kan tún wà. Olúkúlùkù tó ń gbá gọ́ọ̀fù ló ń fi àmì sára bọ́ọ̀lù tirẹ̀, torí pé òfin kò gbà kí ènìyàn gbá bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbá a, ìyà rẹ̀ wà nílẹ̀, gbogbo ikọ̀ rẹ̀ ló sì máa jẹ ẹ́. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ni àmì Tíṣà. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kán an sí i. Lẹ́yìn tí obìnrin náà kú, èmi ni mo ń kán an, láti inú ìgò kan náà tó fi sílẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì náà ti ń dì, ṣùgbọ́n Tíṣà kò gbà kí á ra òmíràn.

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí a dé pápá, afẹ́fẹ́ ń tẹ àsíá orí ihò wálẹ̀ títí tó fi fẹ́ kan koríko. Omi ojú ń dà lójú gbogbo ènìyàn. Gbogbo wọn ń fúnjú pọ̀, gbogbo wọn ń béèrè lọ́wọ́ kádì wọn pé níbo ni bọ́ọ̀lù wà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mo tilẹ̀ ń rò ó pé ojú ọjọ́ burúkú yìí ló dára jù fún wa.

Ní ihò kẹjọ, bọ́ọ̀lù Tíṣà àti ti balógun ikọ̀ wa bọ́ sínú koríko gíga kan náà. Balógun yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn òfin ju oúnjẹ lọ ni. Òun náà ló ń mójú tó àwa kádì, òun ló ń fún wa ní báàjì tí kádì kò lè ṣiṣẹ́ láìní in, òun ló sì ń gbà á padà. Mo rí bọ́ọ̀lù funfun kan. Kádì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, á yẹ ara bọ́ọ̀lù wò kó tó pe ọ̀gá rẹ̀. N kò bẹ̀rẹ̀. Omi ti wọ bàtà mi, mo fẹ́ kí a tètè parí, kí n lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Mo ní, "Tiyín rèé, sà."

Tíṣà gbá a. N kò rí i kó gbá bọ́ọ̀lù dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gba àárín afẹ́fẹ́ lọ, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àsíá gan-an. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na igi rẹ̀ sí mi láìsọ nǹkan kan. Ìgbà náà ni balógun ikọ̀ rí bọ́ọ̀lù kejì nínú koríko, tí kútẹ́ẹ̀sì pupa wà lára rẹ̀.

Ó mú un dání dé ibi àsíá, ó ṣa èyí tí Tíṣà gbá. Mo rò pé yóò kàn kéde ìyà tó tọ́ ni, kí eré máa lọ. Ṣùgbọ́n ó wo Tíṣà pẹ́, ó wá wo èmi. Ó ti ń fura láti ọjọ́ wo, n kò mọ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ kọ̀ọ̀kan, ó nà wọ́n síwájú, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èwo ni tiyín nínú méjèèjì?"

Ọ̀sán ni. Kútẹ́ẹ̀sì náà pupa gbàǹgbà. Ọmọdé ọlọ́dún mẹ́ta á nawọ́ sí i. Ní apá òsì Tíṣà ni ó wà. Tíṣà tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bó ti máa ń ṣe tó bá ń retí mi. Báàgì wà ní èjìká mi. Ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú àpò ṣòkòtò. Balógun ikọ̀ kò wo Tíṣà rárá, èmi ló ń wò.

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. Mo rò ó pé tí mo bá lu báàgì yìí, balógun yóò gbọ́, báàjì mi á sì lọ. Mo sọ fún ara mi pé òtútù ló ká ọwọ́ mi mọ́ inú àpò. Tíṣà dúró. Ó dúró títí àwọn yòókù fi ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì mú bọ́ọ̀lù tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ó ti tó, sà," ni balógun ikọ̀ wí, ó sì dì í mú ní apá.

Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí a ń padà, Tíṣà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ lórí orúnkún. Nígbà tí a dé Apakun, balógun ikọ̀ fà á lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ní kó lọ sinmi, pé láti òní lọ, bàbá ìsàlẹ̀ ikọ̀ ni wọ́n fi í ṣe. Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí, báàjì mi sì wà lọ́rùn mi títí mo fi délé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí n tó lè lọ kí i. Láti Èjìgbò tí mo ń gbé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ, pé n kò lu báàgì, pé mo gbọ́ bó ṣe ń dúró dè mí. Mo bá a ní pálọ̀, nínú kádígàn, irùngbọ̀n ti bò ó lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ ní láti ọjọ́ náà kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbọ́ ìró bàtà mi.

"Má dá ara rẹ lẹ́bi," ni ó wí. "Mo mọ̀ pé o lù ú. Afẹ́fẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbọ́."

Ọkọ̀ òfurufú kan ń bọ̀ wálẹ̀ lókè ilé, a sì dúró kó kọjá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò wá láti Èjìgbò tú ká. Mo ní afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà pọ̀ lóòótọ́, sà.

"Ẹ̀ẹ̀mélòó lo lù ú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí tíṣà ṣe máa ń mi orí nígbà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá dáhùn ìbéèrè bó ṣe yẹ, ó sì ní kí ọmọ òun po tíì gbígbóná fún mi, torí òtútù wà níta.