Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́rin Tí Ọmọ Mi Gbọ́dọ̀ Kí

Nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba, iyanrìn funfun ni òpópónà wa ní Kùtọnu, ó sì lọ tààrà sí etíkun. Láàárọ̀, kùrukùru òkun máa ń bo àwọn ṣọ́ọ̀bù débi pé òórùn ni a fi ń dá wọn mọ̀ kí a tó rí ilẹ̀kùn wọn: búrẹ́dì gbígbóná, aṣọ tuntun, gíríìsì kẹ̀kẹ́.

Ọ̀nà yìí ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, ń gbà lọ sílé ìwé. Ẹ̀rù ń bà mí. Òkun kò jìnnà, ọ̀sà kò jìnnà, èmi sì gbọ́dọ̀ wà ní ọ́fíìsì ní aago méje ààbọ̀. Mo wá ṣòfin fún un: ní àlọ àti ní àbọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin kan láì kúnlẹ̀ kí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ni mo fi ń ṣọ́ ọ.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ń yí padà bí ohun tí èèyàn ń rí lójú àlá. Aránṣọ ará Ìjẹ̀bú lọ. Ará Kétu tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe gba ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí ọmọ mi ti lọ sílé ìwé, ìyá Àgùdà tó ń ta búrẹ́dì kó lọ sí ẹ̀bá ọ̀sà. Nígbà tí mo ń wá jẹun ọ̀sán, mo rí Ègùn kan, ará Àjàṣẹ́, tó ń to abọ́ tánganran síbẹ̀. Mo kà á sí nǹkan kékeré.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá, ọmọ mi kò dé. Mo sáré jáde. Ará Kétu oníkẹ̀kẹ́ ní òun kò tíì rí i. Alábọ́ ní, "Ó bi mí níbi tí ìyá oníbúrẹ́dì wà. Mo nawọ́ sí ọ̀nà ọ̀sà."

N kò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe gbé mi débẹ̀. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, omi àti ojú ọ̀run ti di àwọ̀ kan náà. Inú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni mo ti rí i lórí àpótí, ó ń jẹ búrẹ́dì.

"Bàbá ọmọ, ẹ mí kanlẹ̀," ìyá Àgùdà wí. "Ó wá kí mi ni. Ẹ̀yin gan-an ló yẹ ká fomi fún."

Ọmọ mi wò mí. "Ẹ ní n kò gbọdọ̀ délé láì kí wọn. Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́, mo bá wá wọn dé ibí."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì jọ padà sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù abọ́, àwa méjèèjì sì kí ọkùnrin náà ní èdè Ègùn. Ó rẹ́rìn-ín pé ahọ́n wa wúwo. Mo sọ fún un pé aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọmọ náà máa ń kọjá. Ó nu ìrì kúrò lójú abọ́ kan, ó ní òun á máa wo ọ̀nà.