Bí Mo Ṣe Gbé Òsì Sípò Ọ̀tún Ní Ìsọlọ̀

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo kúrò ní Adó-Èkìtì, tèmi ti pákó, ọ̀bẹ àti tàdáwà dúdú. Iṣẹ́ mi ni kí n fín àwòrán sára pákó, kí n fi tàdáwà kùn ún, kí n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àǹtí mi, Ìyá Bùnmi, tó ń gbé ní Jakande, Ìsọlọ̀, ló pè mí. Baálẹ̀ àdúgbò wọn fẹ́ ṣàjọ̀dún oyè, ó sì ń fẹ́ àwòrán tí a fọwọ́ ṣe.

"Èmi ni mo dárúkọ ẹ fún wọn o," àǹtí mi wí lórí fóònù. "Má dójú tì mí."

Bọ́ládé, l'Óṣòdì, ni mo ti sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, a kì í kọjá lára àgbà láìkí i. Ní Bọ́ládé, gbogbo ẹni tí mo kí ló ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ rà. Mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n wá bu ata dúdú lé lórí. Ata náà mú omi jáde lójú mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá," obìnrin tó tà á wí. "Ẹ kì í ṣe ará Èkó, àbí?"

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló gbé mi dé Ìsọlọ̀. Kòtò ojú ọ̀nà pọ̀ débi pé mo gbá pákó mi mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, baálẹ̀ jókòó láàárín pálọ̀ rẹ̀, Ọ̀tún rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, Òsì rẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Wọ́n fẹ́ rí àwòrán kí àlejò tó tú ká, mo bá ń fín in wàràwàrà. Ohun tí a bá fín sára pákó, òdìkejì rẹ̀ ló ń jáde lórí bébà. Mo rántí yí orúkọ àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ àwòrán padà. Mo gbàgbé àwọn èèyàn. Bí a ṣe gbé bébà sókè, Òsì ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún baálẹ̀!

"Àwòrán yìí mà dára o!" Òsì wí, ó ń tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Ọ̀tún fò dìde. "Ṣé ẹ ti rọ̀ mí lóyè ni? Fà á ya lójú mi báyìí!"

Ìyá Bùnmi kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ló bá gba bébà náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀tún.

"Ẹ dákun, bàbá, ẹ bọ́ síta, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn."

Bébà náà fẹ́lẹ́, tàdáwà sì hàn dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀tún wò ó títí, ó rí ara rẹ̀ láyè rẹ̀, inú rẹ̀ bá rọ̀. Ó dúró síta, Òsì dúró sínú, àwọn méjèèjì ń yìn mí. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó gba ìta lọ."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bi mí bóyá ojú baálẹ̀ le láti fín. Mo ní ojú baálẹ̀ ò le rárá. Àga méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló le.