Ìwé Oníràwọ̀ Tí Wọ́n Sun Nílé Wa

Wọ́n sun ìwé mi láì ṣí ojú ewé kan ṣoṣo wò.

Òórùn gọ́ọ̀mù tí Bàámi fi sítáàṣì sè ni mo jí bá láàárọ̀ Sátidé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ wọn ni láti máa tún ìwé tó ti ya dì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, ìdánwò àtiwọ ilé ìwé girama sì kù sí dẹ̀dẹ̀. A rìn dé CMS, lọ́dọ̀ Bọ̀dá Ráfíù tó máa ń pàtẹ ògbólógbòó ìwé sórí ọ̀rá. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé sáyẹ́ǹsì kan tí òjò ti ba èèpo rẹ̀ jẹ́, àmọ́ tí inú rẹ̀ pé.

Ìwé awo àti idán ayé òde òní ni Bàámi ń wá ní tiwọn. Àwọn aládùúgbò ń fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba ara wọn, ó sì ń bí Bàámi nínú pé kò sẹ́ni tó kà á rí. Wọ́n ṣí ọ̀kan, wọ́n pa á dé.

"Eléyìí ní òun á sọ mí dolówó láàárín ọjọ́ méje. Ráfíù, ìwọ tó ni ín, kí lo ṣì ń ṣe nínú oòrùn?"

"Bàbá, mi ò tíì kà á dé ọjọ́ keje ni."

Èyí tí wọ́n wá mú kò ṣèlérí kankan. Ó kàn ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá ni. Bàámi máa ń sọ pé, "Ìwé tó bá ń ṣèlérí jù, olè ló kọ ọ́."

Nígbà tá a délé, wọ́n bọ́ èèpo ìwé idán náà, awọ dúdú tí wọ́n ya ìràwọ̀ àti ojú kan sí, wọ́n fi di ìwé sáyẹ́ǹsì mi, torí awọ yẹn lágbára, ọwọ́ ọmọ ilé ìwé sì le. Èèpo ìwé orin kan tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán ni wọ́n fi di ti idán. Bí àwọn tó ń di ìwé ṣe ń ṣe nìyẹn: èèpo tó bá ṣe rẹ́gí ni wọ́n ń lò.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Alàgbà tó ń darí ẹgbẹ́ àdúrà ìjọ wa kó ọkùnrin méjì wá. Ẹnì kan ti rí ìwé oníràwọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí i wò. Sáyẹ́ǹsì ni!"

Alàgbà ní, "Ẹ ò rí bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún un? Ó ti wọ̀ ọ́ lára."

Bàámi náà ní kó ṣí i. Alàgbà ní ẹni tó bá ṣí i ti gba ẹ̀mí inú rẹ̀ lálejò nìyẹn. Àwọn ọkùnrin méjì náà da kẹrosíìnì sí i lójúde wa, wọ́n sì sun ún. Nígbà tí Alàgbà ń lọ ló rí ìwé tó wọ èèpo orin lórí tábìlì, ló bá gbé e mọ́ àyà. "Irú èyí ló yẹ ilé onígbàgbọ́!"

Bàámi wò ó títí. "Ẹ máa mú un lọ, sà. Ẹ bá wa kà á dáadáa."

Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà. Ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó sílé, "ọmọ oníràwọ̀" sì ni wọ́n ń pè mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sọ́mọ tó fẹ́ jókòó tì mí.

Ọmọ ìgbà yẹn kúnlẹ̀. Èmi tí mo ti gboyè nínú kẹ́mísírì kì í kúnlẹ̀ mọ́, mi ò sì gba ẹni tó bá ń yin èèpo ìwé gbọ́. Bàámi ti lọ. Alàgbà ṣì wà, ìwé tó gbé mọ́ àyà lọ́jọ́ náà sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ rẹ̀. Mo fojú mi rí i lọ́dún tó kọjá.

Alàgbà, ẹ dá mi lóhùn. Bí ẹ ò bá ṣí i rí, orin wo lẹ ti ń kọ látọjọ́ yìí? Bí ẹ bá sì ti ṣí i, tí ẹ ti mọ ohun tó jẹ́, kí ló dé tí ẹ ò sun ún?