Ọjọ́ Tí Wọ́n Ká Ẹ̀gbọ́n Mi Mọ́ Yàrá

Ọjọ́ tí onílé wa ní àdúgbò Trans-Nkisi, lápá ìlà-oòrùn, já wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi Kúnlé kò lè kúrò lọ́kàn mi. Kẹ́mísìrì ni Kúnlé ń kọ́ ní yunifásítì. Ó máa ń tilẹ̀kùn, òórùn àjèjì a sì máa jáde.

Èmi àti Màámi tẹ̀lé onílé wọlé, a bá ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná. Kẹ́míkà méjì ń wọ ẹnu rẹ̀ kan, wọ́n ń dàpọ̀ lọ́nà, wọ́n sì ń ṣàn jáde ní ẹnu kejì láìdúró.

“Mkpuru mmiri!” ni onílé pariwo ní èdè rẹ̀. “Ìyá Kúnlé, òògùn olóró ni ọmọ yín ń sè!”

Kúnlé kán díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣàn jáde náà sí ìborùn Màámi. Ó ń ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n.

“Òórùn dídùn tí wọ́n ń fi sí ọṣẹ ni,” ni Kúnlé wí.

Onílé rẹ́rìn-ín, ó lọ. Màámi kò rẹ́rìn-ín.

“Kí ló dé tí o fi ń tilẹ̀kùn?”

“Nítorí ojú tí ẹ fi ń wò mí yìí ni, Màámi.”

Màámi gbé ìborùn rẹ̀ sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì jókòó tì í.