Ike Ìpara Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Abọ́sẹ̀dé l'Ábùjá. Àfín ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Kíkẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́wàá, oòrùn Ábùjá kò sì mọ ojú àánú. Nítorí náà, bí Abọ́sẹ̀dé bá fẹ́ ra ìpara oòrùn fún un, ó gbọ́dọ̀ rí nọ́ńbà àádọ́ta, èyí tó ń sọ bí ìpara ṣe lè dènà oòrùn tó, lára rẹ̀, kó wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kó sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i, kó tó sanwó.

Ọ̀gá rẹ̀, Madaamu Lydia, ló ba àṣà yìí jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì ni obìnrin yìí ti ń ta ìpara tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò. Lọ́jọ́ kan, ó na ike kékeré kan sí i.

"Ìyá Kíkẹ́, ìpara oòrùn rèé. Tìtorí ọmọ wa ni mo ṣe pò ó."

Abọ́sẹ̀dé yí ike náà síwá sẹ́yìn. "Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n mi ò rí nọ́ńbà lára rẹ̀."

"Nọ́ńbà kẹ̀? Ṣé o fẹ́ pè é lórí fóònù ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Fọ́ọ̀mù ìgbéga Abọ́sẹ̀dé sì wà lórí tábìlì Madaamu lọ́sẹ̀ yẹn, kò tíì buwọ́ lù ú. Abọ́sẹ̀dé ra ike náà, ó pinnu pé òun ò ní lò ó.

Àfi bí èyí tó dáa ṣe tán láàárọ̀ ọjọ́ eré ìdárayá iléèwé, tí wọn kò sì tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù kankan ní Utako, àdúgbò wọn.

"Mọ́mì, ṣé èyí dáa?"

"Ó dáa," ni Abọ́sẹ̀dé wí, ó sì fi pa á látọrùn dé ẹsẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èjìká ọmọ ti pọ́n bí ata, ó sì ti lé bí ara tí iná jó. Dókítà tó rí wọn ní ọsibítù Gwagwalada ṣí ike náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ẹ̀, mà?"

Kíkẹ́ ló dáhùn: "Mọ́mì ní ó dáa."

Ara ọmọ san. Ìgbéga náà dé, àwọn èèyàn wá kí Abọ́sẹ̀dé kú oríire. Bí wọ́n ṣe ń kí i ni ọ̀rọ̀ ike náà ń dùn ún sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń gbìyànjú láti fi ìpara tuntun pa ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Jẹ́ kí n bá ọ pa á, ọwọ́ rẹ ò lè débẹ̀."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Mo fẹ́ lọ bá Àǹtí Sàídátù kó bá mi pa á."

Nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn ni Sàídátù. Abọ́sẹ̀dé yẹra lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọ rẹ̀ lè ráyè kọjá.